Orí Kẹfà: Ìlú Ni Àlejò Ń Wọ̀

Bí èrò kan bá dúró ní gáréèjì ní Èkó tó ní Oǹdó lòun ń lọ, ìbéèrè tí awakọ̀ yóò kọ́kọ́ bi í ni pé Oǹdó wo, ìlú àbí ìpínlẹ̀? Ìbéèrè náà tọ́. Láti ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, nígbà tí ìjọba ológun pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta, ni Oǹdó ti di orúkọ ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ ni wọ́n fi ṣe olú-ìlú rẹ̀. Ìjọ Àgùdà pàápàá ní dáyọ́sìsì tó ń jẹ́ Oǹdó, bẹ́ẹ̀ Àkúrẹ́ ni àga bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ní Kàtídírà Ọkàn Mímọ́. Ará Oǹdó kò torí ìyẹn pe ara rẹ̀ ní ará Àkúrẹ́, ará Àkúrẹ́ náà kò sì torí orúkọ ìpínlẹ̀ di ará Oǹdó. Déjì Àkúrẹ́ wà láàfin tirẹ̀, Òṣemàwé Oǹdó wà láàfin tirẹ̀, ọ̀kan kì í ṣe baálẹ̀ èkejì. Àlejò tí kò bá mọ èyí lè sùn sí ìlú tí kò ní lọ́kàn.

Ítálì ni orí yìí dá lé, fún akẹ́kọ̀ọ́, oníṣòwò tàbí arìnrìn-àjò ìgbàgbọ́ tó ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ síbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ń kọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé agbolé kan ni Ítálì: àwọn ará Ítálì a máa jẹ sùpàgẹ́tì, wọn a máa fọwọ́ sọ̀rọ̀, wọn a máa ti ìsọ̀ lọ́sàn-án. Irọ́ kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ó kàn dà bí ìgbà tí èèyàn bá sọ pé Yorùbá fẹ́ràn ata; òótọ́ ni, àmọ́ kí ni ìyẹn yóò ṣe fún ẹni tó dé Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ tó fẹ́ mọ ohun tí yóò rà àti bí yóò ṣe ná an? Ohun tí a fẹ́ fi múlẹ̀ níhìn-ín ni pé ní Ítálì, ìlú ló ń pinnu bí ọjọ́ àlejò ṣe máa lọ ju bí orílẹ̀-èdè ṣe ń pinnu rẹ̀ lọ, àti pé ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ Àkúrẹ́ sí Oǹdó ti ní ojú tí a fi ń wo Ítálì kó tó wọ bàálù rárá.

Ọjọ́ orí orílẹ̀-èdè náà ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1861 ni wọ́n kéde ìjọba Ítálì ní ìlú Torino. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà ni Dòsùmú, ọba Èkó, fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìyẹn ni pé Ítálì tí à ń pè ní ilẹ̀ àtayébáyé kò fi oṣù márùn-ún dàgbà ju Èkó ìjọba amúnisìn lọ. Francesco Borghero, àlùfáà Àgùdà tí wọ́n bí ní agbègbè Genova, wọkọ̀ ojú omi ní oṣù Kìíní ọdún 1861, ó gúnlẹ̀ sí Wídà ní oṣù Kẹrin láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìhìnrere ní Dàhòmì, ó sì bẹ Èkó wò lẹ́yìn náà. Nígbà tó ń gbéra, kò sí ìjọba kan lágbàáyé tó ń jẹ́ Ítálì. Ìgbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ti kéde rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, Napoli ní ọba tirẹ̀ tó ń ṣàkóso gbogbo gúúsù, Póòpù ló ń jọba ní Róòmù, Firenze wà lábẹ́ ìdílé ọlọ́lá kan, ilẹ̀ Austria ló sì ni Venezia. Venezia yìí ti fi èyí tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún dá dúró gẹ́gẹ́ bí ìlú olómìnira kí Napoleon tó gbà á ní 1797. Ọdún 1866 ló tó dara pọ̀ mọ́ Ítálì, Róòmù sì tẹ̀ lé e ní 1870. Láàárín ọdún mẹ́wàá péré, olú-ìlú ṣí láti Torino lọ sí Firenze, ó tún ti Firenze ṣí lọ sí Róòmù. Ẹni tí baba ńlá rẹ̀ ti jẹ́ ọmọ Venezia fún ẹgbẹ̀rún ọdún, tí ó sì jẹ́ ọmọ Ítálì fún ọgọ́jọ ọdún, èwo ni ẹ rò pé yóò kọ́kọ́ dárúkọ bí ẹ bá bi í pé ọmọ ibo ni?

Orúkọ àwọn ìlú náà gan-an jẹ́ ẹ̀kọ́ kékeré kan. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ wa láti máa pe Firenze ní Florence, Venezia ní Venice, Napoli ní Naples, Torino ní Turin. Ẹni tó bá dúró níwájú pátákó ibùdókọ̀ ojú irin tó ń wá Florence lè dúró títí tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò fi lọ, nítorí Firenze ló wà lára pátákó. Ìdí nìyí tí a fi ń lo orúkọ tí àwọn onílé ń pe ìlú wọn nínú orí yìí, àyàfi Róòmù tí Bíbélì ti fi mọ́ wa lẹ́nu.

Ẹ̀rí ti èdè tilẹ̀ lágbára ju ti ọjọ́ orí lọ. Tullio De Mauro, onímọ̀ èdè ní Ítálì, ṣírò pé ní 1861 èèyàn méjì ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ló lè sọ èdè tí a mọ̀ sí èdè Ítálì lónìí. Àwọn mìíràn jiyàn pé iye náà sún mọ́ mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí ó wù kó jẹ́, àwọn yòókù ń sọ èdè ìlú wọn ni. Èdè agbègbè Toscana tí Firenze wà, èyí tí akéwì Dante fi kọ̀wé ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn, ló di ti gbogbo gbòò. Ìwé ló sì gbé e kiri kí ilé ẹ̀kọ́ tó gbà á, kí tẹlifíṣàn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1954 tó wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ilé. Alessandro Manzoni, ọmọ Milano, tẹ ìtàn-àròsọ ńlá rẹ̀ jáde ní 1827. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún un kọ sí èdè àwọn ará Firenze, ó sì tún un tẹ̀ láàárín 1840 sí 1842. Ẹni tó bá ka Fágúnwà níléèwé kò ní rí ohun àjèjì kankan nínú èyí. Ọmọ Òkè-Igbó ni D. O. Fágúnwà, ní ibi tó jẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí, ṣùgbọ́n nígbà tó kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938, kò fi ẹ̀ka-èdè àdúgbò rẹ̀ kọ ọ́. Yorùbá àjùmọ̀lò ló lò, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn Ọ̀yọ́, tí Bíbélì Àjàyí Crowther sì mú dúró. Àwa náà jẹ́ ẹ̀yà tí ìwé so pọ̀.

Ọ̀nà tó so Àkúrẹ́ pọ̀ mọ́ Oǹdó kò tó 60 kìlómítà. Síbẹ̀, nígbà tí onímọ̀ èdè Abíọ́dún Adétùgbọ́ pín àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá sí agbo, Àkúrẹ́ bọ́ sí agbo àárín gbùngbùn pẹ̀lú Èkìtì àti Ifẹ̀, Oǹdó sì bọ́ sí agbo gúúsù-ìlà-oòrùn pẹ̀lú Ọ̀wọ̀ àti Ìlàjẹ. Ọmọ Àkúrẹ́ tó wọ ọjà Oǹdó lè sọ Yorùbá àjùmọ̀lò kí wọ́n sì dá a lóhùn dáadáa. Ohun tí àwọn ìyá ọlọ́jà bá sọ láàárín ara wọn lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn tún yàtọ̀. Bákan náà ló rí ní Napoli tàbí Venezia. Èdè Ítálì tí àlejò kọ́ nínú ìwé yóò gbà á níbi gbogbo, kò sí ìsọ̀ tí wọn kò ti ní gbọ́ ọ. Àmọ́ bí ó bá gbọ́ tí awakọ̀ bọ́ọ̀sì ń bá alájọṣe rẹ̀ sọ̀rọ̀ tí kò sì mú ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, kó má ṣe rò pé owó ilé ẹ̀kọ́ òun ti ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ ìkíni la ti lè rí bí ìlú ṣe ń wọnú ohun tó kéré jù. Ní gbogbo Ítálì, ẹni tó bá wọ ìsọ̀ gbọ́dọ̀ kí kó tó béèrè ohunkóhun, èyí tí kò ní ṣòro fún ọmọ Yorùbá. Buongiorno ni ti òwúrọ̀, buonasera ni ti ìrọ̀lẹ́. Ìgbà wo ni ìrọ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀? Ní Toscana, kò pẹ́ tí wọ́n bá jẹun ọ̀sán tán tí buonasera fi máa ń dé. Níbòmíràn, oòrùn á ti máa rọlẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́. Ciao tí gbogbo ayé mọ̀, èdè Venezia ni ó ti wá, láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "ẹrú yín ni mí". Ìdọ̀bálẹ̀ ni, bó ti wù kó rí, tí wọ́n fi ẹnu ṣe. Lónìí, ọ̀rọ̀ tó ti dọ̀bálẹ̀ rí ti dìde dúró: ọ̀rẹ́, ọmọdé àti ẹbí ni wọ́n ń sọ ciao sí, ẹni tó bá sì sọ ọ́ sí àgbàlagbà tí kò mọ̀ rí tàbí sí òṣìṣẹ́ ìjọba ti ṣe bí ọmọ tó pe ìyá ìyàwó rẹ̀ ní "ìwọ".

Nítorí pé wọ́n ní "ìwọ" àti "ẹ̀yin" tiwọn. Tu ni wọ́n ń lò fún ẹni tí wọ́n mọ̀ dunjú, Lei sì ni fún ẹni tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún. Lei yìí, ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ obìnrin kan ṣoṣo tí kò sí níbẹ̀ ni, bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ tó ń pè é ní "òun". Ṣùgbọ́n ní Napoli àti káàkiri gúúsù, wọ́n ṣì máa ń fi Voi bá àgbà sọ̀rọ̀, Voi sì ni "ẹ̀yin" gẹ́lẹ́. Kí a tó wá máa yangàn pé àṣà wa dé Napoli, ó yẹ ká rántí pé nílé pàápàá, kò dọ́gba: àwọn onímọ̀ èdè ti ṣàlàyé pé nínú ẹ̀ka-èdè bíi ti Oǹdó, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún "ẹ̀yin" àti fún "wọ́n", nígbà tí Yorùbá àjùmọ̀lò yà wọ́n sọ́tọ̀. Ibi tí ọmọ Yorùbá ti lè ṣìnà gan-an ni pé ọjọ́ orí nìkan kọ́ ni Lei ń wò. Bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún yóò fi Lei bá ọmọ ogún ọdún tó ń ta kọfí sọ̀rọ̀, nítorí pé wọn kò mọ ara wọn. Àjèjì ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún, bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Bí àlejò bá sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún onílé rẹ̀, ẹ̀rù ni yóò bà á, yóò rò pé nǹkan ti ṣe é.

Oúnjẹ ni àwọn ìwé ìrìn-àjò máa ń fẹ́ràn jù, òun náà ló sì tako wọn jù. Kò sí oúnjẹ Ítálì. Oúnjẹ Bologna wà, ti Genova wà, ti Róòmù wà. Pizza jẹ́ ti Napoli. Ìrẹsì tí wọ́n fi sáfúrọ́nì sọ di pupa rúsúrúsú jẹ́ ti Milano, níbi tí ìrẹsì ti pọ̀ nítorí pé àfonífojì odò Po ni wọ́n ti ń gbìn ín, Ítálì ló sì ń kórè ìrẹsì jù ní gbogbo Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ọmọ Àkúrẹ́ tó ń bẹ̀rù pé òun kò ní rí ìrẹsì jẹ lè fọkàn balẹ̀ ní Milano, àmọ́ kó má retí ọbẹ̀ ata lórí rẹ̀. Bọ́tà àti wàràkàṣì ni wọ́n fi ń sè é. Ní Bologna, ọbẹ̀ ẹran lílọ̀ tí ayé ń pè mọ́ orúkọ ìlú náà kì í bá sùpàgẹ́tì rìn, tagliatelle pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Carbonara ti Róòmù ní ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ nínú, Mùsùlùmí sì gbọ́dọ̀ mọ èyí kó tó fọwọ́ kàn án. Búrẹ́dì Toscana kò ní iyọ̀ rárá. Àlejò tó jẹ ẹ́ ní Firenze tó rò pé alábúrẹ́dì gbàgbé iyọ̀ lọ́jọ́ náà yóò tún rò bẹ́ẹ̀ lọ́la àti lọ́túnla.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dá ìpayà sílẹ̀ fún onígbàgbọ́ láti ọ̀dọ̀ wa, ìyẹn bar. Ilé ọtí kọ́ ni bar ní Ítálì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a lè rí ọtí níbẹ̀; ibi tí wọ́n ti ń mu kọfí àárọ̀ ni, ìyá àgbà tó ń bọ̀ láti Mísà á yà síbẹ̀. Ìdúró ni wọ́n ń mu ún, lẹ́bàá káńtà. Ẹni tó bá jókòó sídìí tábìlì níta yóò san jù bẹ́ẹ̀ lọ, iye owó méjèèjì sì gbọ́dọ̀ wà lára ògiri. Ní ọ̀pọ̀ bar ní Róòmù, wọ́n á ní kó o kọ́kọ́ sanwó kí o gba scontrino, ìwé owó tí o san, kó o tó lọ fi han ẹni tó ń po kọfí. Ní ìlú mìíràn, wọ́n á ní kó o mu tán ná. Ní Torino, wọ́n ń da kọfí, ṣokoléètì àti wàrà pọ̀ nínú ife kékeré tí wọ́n ń pè ní bicerin, ará Oǹdó tó ti já èso kòkó rí lè máa mu ún kó máa rò ó wò ibi tí kòkó inú rẹ̀ ti wá. Bí ó bá jókòó jẹun, yóò rí owó coperto nínú ìwé gbèsè rẹ̀, iye kan lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan nítorí àwo àti búrẹ́dì. Kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀ bí ó bá ti wà lára ìwé oúnjẹ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ní agbègbè Lazio tí Róòmù wà, òfin agbègbè náà kò gba coperto láàyè. Nítorí náà, ohun tó tọ́ ní Firenze lè di ohun tí a ń béèrè ìdí rẹ̀ ní Róòmù.

Bí ìlú ṣe ní oúnjẹ tirẹ̀ náà ló ní ọjọ́ tirẹ̀. Ààfin Déjì lè kéde pé kí gbogbo ọjà Àkúrẹ́ wà ní títì nítorí ọdún ìbílẹ̀ kan, ìkéde náà kò sì dé Oǹdó, tí ọdún Ògún tirẹ̀ náà ní àkókò tí ààfin Òṣemàwé ń yàn fún un. Ní Ítálì, ẹni mímọ́ alábòójútó ìlú ló dúró sí ipò yìí. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ni ti Jòhánù Mímọ́ ní Firenze àti Torino, ọjọ́ 29 oṣù náà ni ti Pétérù àti Pọ́ọ̀lù ní Róòmù, ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ni ti Gennaro ní Napoli, ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ni ti Ambrogio ní Milano. Lọ́jọ́ náà, báńkì àti ọ́fíìsì lè wà ní títì ní ìlú kan kí iṣẹ́ sì máa lọ ní ìlú tó tẹ̀ lé e. Àwọn ọjọ́ tó jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè wà lóòótọ́, bí ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà tí wọ́n fi ń rántí ìdìbò 1946 tó lé ọba lọ, àti ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ tí ó dà bí ẹni pé gbogbo ènìyàn ti lọ sí etíkun. Àwọn wọ̀nyẹn wà nínú kàlẹ́ńdà. Tẹni mímọ́ ìlú ni àlejò máa ń bá pàdé lójijì níwájú ilẹ̀kùn tí wọ́n tì.

Ìrìn inú ìlú ni yóò ṣe ọmọ wa ní kàyéfì jù. Ní gáréèjì wa, ọkọ̀ ń dúró de èrò; ó di ìgbà tó bá kún kó tó gbéra, inú ọkọ̀ la sì ti ń sanwó, bí ti kẹ̀kẹ́ Márúwá ṣe rí. Ní Ítálì, ọkọ̀ ojú irin ní ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sí i, ì báà kún, ì báà ṣófo, ìyanṣẹ́lódì nìkan ló sábà máa ń yẹ̀ ẹ́ pátápátá. Tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì wà ní ìsọ̀ alátàbà tó ní lẹ́tà T ńlá níwájú, a sì gbọ́dọ̀ lù ú ní òǹtẹ̀ lára ẹ̀rọ nígbà tí a bá wọlé. Tíkẹ́ẹ̀tì onípépà ti ọkọ̀ ojú irin agbègbè náà gbọ́dọ̀ gba òǹtẹ̀ kí a tó wọ ọkọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ní òǹtẹ̀ kò yàtọ̀ sí àìsanwó lójú ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, owó ìtanràn ló sì tẹ̀ lé e. Àlàyé pé a kò mọ̀ kì í sábà gbani. Síbẹ̀ níhìn-ín pàápàá, tíkẹ́ẹ̀tì Róòmù ń ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 100, ti Milano fún ìṣẹ́jú 90, ọ̀kan kò sì wúlò ní ìlú èkejì. Ìjọba ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu iye owó orí tí àlejò yóò san fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì. Venezia tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 2024 láti máa gba yúrò márùn-ún láwọn ọjọ́ kan lọ́wọ́ ẹni tó wá fún ojúmọ́ kan tí kò sùn síbẹ̀. Nínú Róòmù gan-an, orílẹ̀-èdè mìíràn wà, ìyẹn Vatican, tó dá dúró láti 1929. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rẹ̀ máa ń wà ní títì lọ́jọ́ Ìsinmi, àyàfi Ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù, nígbà tí Uffizi ti Firenze ń ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Ajé. Arìnrìn-àjò ìgbàgbọ́ tó ti Àkúrẹ́ lọ, tí ó ní ọjọ́ Ìsinmi kan péré ní Róòmù, ó yẹ kó mọ èyí kó tó sanwó bàálù.

Àtakò kan wà tí a kò lè fò dá. Ẹnìkan lè sọ pé àsọdùn ti wọ ọ̀rọ̀ yìí: Ítálì ní òfin kan, owó kan, nọ́ńbà pàjáwìrì kan, 112. Òótọ́ ni, ó sì dára kí a sọ ọ́ kedere. Físà tí ilé iṣẹ́ aṣojú Ítálì ní Àbújá tàbí Èkó fúnni kò mọ Bologna yàtọ̀ sí Palermo. 90 ọjọ́ láàárín 180 ọjọ́ ni ti àbẹ̀wò kúkúrú, òfin Yúróòpù sì ni. Yúróòpù náà ló ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe di ẹran tàbí wàrà sínú ẹrù wọlé láti ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà ẹran gbígbẹ tí màmá fi ìfẹ́ dì yóò bọ́ sínú àpótí ìdọ̀tí ní pápákọ̀ òfurufú, iṣu tútù náà sì nílò ìwé ẹ̀rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ pẹ́ níbẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́jọ láti béèrè ìwé ìgbélùú, ibi yòówù kó dé sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ohun tí wọ̀nyí jẹ́: ohun ẹnu ibodè ni wọ́n, ohun tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan. Láti ìgbà tí àlejò bá ti ẹnu ibodè kúrò títí tí yóò fi padà, ohun tó ń bá pàdé láti àárọ̀ dalẹ́, ìgbà tí ìsọ̀ ń ṣí, ohun tó wà nínú àwo, owó orí alẹ́, ọ̀rọ̀ ìkíni, ti ìlú ni wọ́n.

Àtakò kejì jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: pé Àkúrẹ́ àti Oǹdó jẹ́ ọmọ Oòduà kan náà, tí kò sí irú ìyàtọ̀ tó wà láàárín Venezia àti Napoli nínú wọn. Ìyàtọ̀ ìwọ̀n wà, a gbà. Àmọ́ ìbátan kò sọ ìlú méjì di ọ̀kan. Bí ọba bá wàjà ní Àkúrẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀ ló máa ń jẹ́ adelé títí ìlú yóò fi yan òmíràn. Ní Oǹdó, tí ìtàn rẹ̀ sọ pé obìnrin kan, Púpùpú, ló kọ́kọ́ jọba níbẹ̀, Lóbùn, olóyè obìnrin tó ni ọ̀rọ̀ ọjà, ní ipa nínú fífi Òṣemàwé jọba. Méjèèjì fi obìnrin sí ìdí adé, ọ̀nà méjèèjì kò sì jọra. Àlejò tó bá dá wọn pọ̀ nítorí pé "Yorùbá náà ni wọ́n" ti sọ òótọ́ tí kò wúlò. Ìkìlọ̀ kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé èyí: kí a mọ àṣà ìlú kò túmọ̀ sí pé kí a gba ẹ̀gàn tí ìlú kan ń sọ sí èkejì. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ohun tí àwọn ará Àkúrẹ́ ń sọ nípa ará Oǹdó, àti èyí tí ará Oǹdó ń fi dá wọn lóhùn, ẹ mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti tó gbà gbọ́. Ohun tí ará Milano bá sọ nípa Napoli, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ gbọ́ ọ.

Àwọn kan á ní àwọn kò nílò gbogbo èyí nítorí pé àwọn ọmọ Nàìjíríà ti pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n pọ̀ lóòótọ́. Àwọn ará Ẹdó ló pọ̀ jù nínú wọn, ìlú tí Àkúrẹ́ ti bá tan láti ìgbà ìwáṣẹ̀ débi pé àwọn tí a ń pè ní Àdó-Àkúrẹ́ wà láàárín wa. Ẹni tó bá wọ ọjà Ballarò ní Palermo tàbí Porta Palazzo ní Torino lè gbọ́ Píjìn kó tó gbọ́ èdè Ítálì. Àmọ́ ẹni tó ti gbé Palermo fún ọdún mẹ́wàá, Palermo ló mọ̀. Bí ẹ bá bi í léèrè bí a ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì ní Milano, àlejò ẹgbẹ́ yín ni.

Siena, ìlú kékeré kan ní Toscana, ló gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ibi tó jìnnà jù. Àdúgbò mẹ́tàdínlógún tí wọ́n ń pè ní contrada ló pín ìlú náà láàárín ara wọn, ìkọ̀ọ̀kan ní àsíá, ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹ̀rọ omi tirẹ̀, àsíá ara ògiri sì ń yí padà bí ẹsẹ̀ àlejò ti ń ti òpópónà kan bọ́ sí èkejì. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje àti ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdọọdún, mẹ́wàá nínú wọn máa ń fi ẹṣin sáré ní gbàgede ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ àga yóò san owó gọbọi. Àárín gbàgede kò gba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n a ní láti tètè wọlé kí wọ́n tó ti ọ̀nà, a ó sì fi wákàtí púpọ̀ dúró nínú oòrùn pẹ̀lú omi lọ́wọ́. Bí ẹṣin bá gbé ẹni tó gùn ún ṣubú, tó sì dá nìkan ṣáájú àwọn yòókù dé ìdí àmì, òun náà ló gbégbá orókè, nítorí ẹṣin ló ń borí fún contrada, kì í ṣe ẹni tó gùn ún. Bí àlejò bá bi ará ibẹ̀ pé ta ló borí, kò ní gbọ́ orúkọ ẹni tó gùn ún, kò sì ní gbọ́ Siena. Orúkọ àdúgbò ni wọn yóò dá a lóhùn.